Ṣé omi Ìkògòsì lè wo orúnkún màmá mi, àbí ká kúkú gbé wọn lọ Họ́ńgárì?

Ẹnì kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o dókítà. Màmá mi wà n'Ìbàdàn, wọ́n ti pé ẹni ọdún 67. Orúnkún wọn méjèèjì ló ń dùn wọ́n, wọn ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́, tí wọ́n bá sì jókòó pẹ́, àfi kéèyàn fà wọ́n dìde. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni wọ́n tún sọ fún wọn pé ṣúgà wọn ti lọ sókè. Bọ̀dá mi ní ká gbé wọn lọ síbi omi gbígbóná Ìkògòsì, àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ní tí wọ́n bá ti wẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì mu nínú omi yẹn, kí wọ́n da gbogbo oògùn nù. Èmi rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Họ́ńgárì ni àwọn òyìnbó ń gbé làkúrègbé wọn lọ, tí mo bá tu owó jọ mo lè ṣe é. Èwo ló dáa ká ṣe?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Àkọ́kọ́ ná, èmi kọ́ ni dókítà o, físíò ni mí, àwa tá a máa ń na ẹsẹ̀ èèyàn tí wọ́n á máa pariwo lé wa lórí, tí wọ́n á tún gbé adìẹ wá fún wa tó bá di Kérésì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá orúnkún àwọn àgbàlagbà fà á, Èkìtì níbí sì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí náà kò sọ́dún tí ẹnì kan ò ní bi mí ní ìbéèrè Ìkògòsì yìí. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ló ta kókó pọ̀ níbẹ̀: ṣé omi tó gbóná látinú ilẹ̀ ń ṣe nǹkan kan fún orúnkún lóòótọ́, ṣé ó lè rọ́pò oògùn, àti ṣé ti òyìnbó ju tiwa lọ. Ti oògùn ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀ torí òun ló lè pa èèyàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má jẹ́ kí màmá da oògùn kankan nù. Kò sí omi tí wọ́n ń wẹ̀ tàbí tí wọ́n ń mu, yálà ti Èkìtì ni o, ti Họ́ńgárì ni o, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà débi téèyàn á fi yọwọ́ nínú oògùn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti wá, téèyàn bá jáde nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n wá wọn BP ẹ̀, ó máa ń wálẹ̀ lóòótọ́, torí ooru ti la àwọn òpó ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá ní "ẹ ò rí i, ó ti lọ!" Kò lọ síbì kankan. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Màmá kan wà tí mo tọ́jú, mi ò ní sọ ìlú wọn, wọ́n lọ wẹ̀ níbi omi ìwòsàn kan, wọ́n padà délé pẹ̀lú ayọ̀, wọ́n kó oògùn BP wọn dà sínú ṣáláńgá, kò pé oṣù méjì tí rọpárọsẹ̀ fi gbé wọn ṣánlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn wá bá mi, ọwọ́ òsì yẹn ò sì tíì ṣí títí dòní. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí jù.

Ó wá ku orúnkún. Ohun tó ń ṣe màmá, bẹ́ ẹ ṣe júwe ẹ̀ yìí, ó jọ làkúrègbé ti àgbà, ìyẹn ni pé ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi tí méjèèjì ti pàdé ti fẹ́ jẹ tán, iṣan itan náà ti rọ torí wọn ò rìn mọ́, bí iṣan bá sì ti rọ, orúnkún nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù, á wá dùn sí i, wọn ò ní fẹ́ rìn, iṣan á tún rọ sí i, bó ṣe ń yí po nìyẹn. (Mo ní ó jọ o, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tó sì yàwòrán ẹ̀ ló lè sọ pé òun gan-an ni.) Omi ò lè dá ohun tó ti jẹ padà, oògùn náà ò lè dá a padà. Ibi tí omi ti wúlò ni pé ó ń já yíyípo yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní màmá wọn ìwọ̀n kílò 80, tí wọ́n bá dúró nínú omi tó mù wọ́n dé ìbàdí, nǹkan bí kílò 40 ló máa kù fún ẹsẹ̀ láti ru, tó bá mù wọ́n dé àyà, kò ní ju bíi 25 lọ. Ẹni tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dáadáa á kàn bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ojú á máa tì í pé òun ti ń ṣe bí ọmọdé. Ooru tún wà níbẹ̀, ooru máa ń tú iṣan tó ti lé, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn débẹ̀, ìrora á sì rọlẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, ṣebí ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń fi omi gbígbóná jó ikùn abiyamọ nìyẹn, tí wọ́n á fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí abiyamọ á máa ké.

Àmọ́ báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó? Àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n kó ìwádìí ìṣègùn jọ kí wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò, ní 2016 wọ́n gbé ìwádìí 13 kalẹ̀ lórí eré ìdárayá inú omi fún làkúrègbé orúnkún àti ti ìbàdí, èèyàn 1190 ló wà nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé ìrora dín kù, èèyàn sì lè ṣe nǹkan fúnra ẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan ní 2007 lórí kéèyàn kàn wọnú omi oníyọ̀ inú ilẹ̀ kó jókòó síbẹ̀, ìwádìí méje péré ni wọ́n rí, wọ́n ní ó jọ pé ó ń ranni lọ́wọ́ àmọ́ àwọn ìwádìí náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọn-in. Ohun tí èmi náà ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣeré nínú omi ló ń jèrè jù, ẹni tó kàn lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́ ń gbádùn ara ẹ̀ ni, ìgbádùn náà dáa ṣáá o.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti omi Ìkògòsì gan-an, torí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn ti pọ̀ jù, omi náà ò sì nílò irọ́ kankan, ó rẹwà tó. Tẹ́ ẹ bá kà nípa ẹ̀ ẹ máa rí i pé wọ́n ní omi náà tó dígírì 70 níbi tó ti ń sun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Omi dígírì 70 máa bó awọ èèyàn lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀n ọ́n rí nǹkan bí 37 sí 38, ìyẹn sì ni ooru ara èèyàn gan-an, ohun tó fi ń tuni lára nìyẹn. Kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló ń sè é o, ẹnì kankan ò sì dáná sábẹ́ ẹ̀. Omi òjò ni, ó ń gba inú àwọn òkúta funfun líle tó wà lágbègbè Ẹ̀fọ̀n sí Ìkògòsì yẹn wọlẹ̀ lọ jìnnà, torí òkúta náà ní ibi tó ti sán, béèyàn bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, kìlómítà kan sí ìkejì á fi bíi dígírì 25 sí 30 lé, omi yẹn á gbóná níbẹ̀, á wá rí ihò míì gbà jáde kó tó tutù tán. Omi tútù kejì tó wá bá a pàdé, orísun tiẹ̀ yàtọ̀, kò sì wọlẹ̀ jìn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ní ìyàwó ọkọ kan náà méjì ni wọ́n, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan onísùúrù, wọ́n jà títí wọ́n fi di omi, èmi fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ti òkúta lọ.

Nǹkan kejì ni pé omi Ìkògòsì ò ní iyọ̀ ilẹ̀ púpọ̀ nínú. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ ni, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi lè rọ ọ́ sínú ike tí wọ́n pè é ní Gossy tá a ń rà mu. Tí mímu ẹ̀ bá ń wo BP ni, gbogbo ẹni tó ti mu Gossy nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ì bá ti sàn. Ẹ má fi wé Òkun Òkú tó wà láàárín Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì, iyọ̀ tiyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òkun lásán, àwọn tí awọ wọn ń pá èépá sì ń lọ síbẹ̀ lóòótọ́ torí iyọ̀ àti oòrùn ibẹ̀ ń ṣe awọ lóore. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé agbára àràmàǹdà kan wà nínú omi Ìkògòsì tó ń wo oríkèé, ẹ sọ fún un pé ooru ẹ̀ ni, àti bó ṣe ń gbé èèyàn.

Ṣé ti Họ́ńgárì wá yàtọ̀ ni? Omi wọn yàtọ̀ díẹ̀ o, ti ibi ìwẹ̀ Széchenyi ní Budapest, tí wọ́n ṣí ní 1913, máa ń jáde látinú ilẹ̀ pẹ̀lú ooru tó lé ní dígírì 70, tiyẹn kì í ṣe àsọdùn, àfi kí wọ́n mú un tutù kí èèyàn tó wọ̀ ọ́, ó sì ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú dáadáa. Hévíz náà wà níbẹ̀, adágún odidi tó lé ní hẹ́kítà mẹ́rin tí omi gbígbóná ń sun látìsàlẹ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tí yìnyín ń bọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, kì í ṣe omi ni wọ́n fi jù wá lọ. Ọsibítù làkúrègbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Hévíz, dókítà ló ń kọ ọ́ fún èèyàn pé kó wọ omi báyìí, fún ìṣẹ́jú báyìí, físíò á wà nínú omi pẹ̀lú ẹ̀, ètò ìlera ìjọba wọn sì máa ń san lára owó ẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ wọn tí dókítà bá kọ ọ́. Ní Karlovy Vary lórílẹ̀-èdè Czech, omi mímu pàápàá, dókítà ló ń sọ ife tó o máa mu àti orísun tó o máa bù ú, èèyàn á sì dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ ìlú omi ìwòsàn 11 ilẹ̀ Yúróòpù sínú ìwé ní 2021, kì í ṣe omi nìkan ni wọ́n kọ, wọ́n ka ilé ìtọ́jú, ọgbà ìnasẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ yí omi náà ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn ń lò níbẹ̀ yẹn ni gbogbo ìlú ń jẹ lára ẹ̀, látorí ẹni tó ń dín ẹyin dórí ẹni tó ń wa tasín.

Àwa ńkọ́? Àwọn oníwàásù Bàtíìsì láti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kọ́ àgọ́ síbi omi Ìkògòsì ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Èkìtì tún un ṣe lásìkò gómìnà Fáyẹmí, ó tún ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni báyìí. Ibùsùn wà, oúnjẹ wà, èèyàn lè ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ kó sì rí fídíò tó dáa gbé sórí Wàásáàpù. Ibi fàájì ni wọ́n fi ṣe, ohun tó ń pa owó wọlé kíákíá nìyẹn, mi ò bá wọn jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé físíò méjì, nọ́ọ̀sì kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP, àti adágún kékeré kan tó ní irin ìdìmú, kò ju ìyẹn lọ kí Ìkògòsì fi máa gba àwọn màmá wa fún ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti Àkúrẹ́, láti Ìlọrin, títí dé Kùtọ́nù, ẹni tó wá tọ́jú orúnkún sì máa ń pẹ́ ju ẹni tó wá ya fọ́tò lọ.

Nígbà tí mo wà lórí ẹ̀, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti Òṣogbo, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á mú un wá bá màmá. Omi tútù ni wọ́n mọ Ọ̀ṣun mọ́, láti 2005 ni igbó ẹ̀ ti wà nínú ìwé UNESCO, tó bá di oṣù August, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà á dé, wọ́n á pọn omi lọ. Ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kì í ṣe ìjà mi. Àmọ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti ba omi yẹn jẹ́, ó ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun fúnra wọn sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èèyàn má mu ún torí májèlé inú ẹ̀. Ẹni bá fẹ́ bọ ọ́ kó bọ ọ́, kó má ṣáà gbé e mì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá, ká wò ó bóyá kí wọ́n lọ Họ́ńgárì. Èmi ò ní ní kẹ́ ẹ ṣe é. Tí màmá bá ń gbé lọ́dọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wákàtí méjì àtààbọ̀ nínú bàálù, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn, físà Schengen wà níbẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra ínṣọ́ránsì ìlera tó lè san owó ìtọ́jú tí kò dín ní 30,000 yúrò, orúnkún tí kò lè ká á wà nínú bàálù fún ọ̀pọ̀ wákàtí níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè dì sínú ẹsẹ̀, èdè tí wọn ò gbọ́, oúnjẹ tí wọn ò lè jẹ, kí wọ́n wá gba ìtura oṣù mélòó kan padà wálé. Owó yẹn á sanwó físíò ní Ìbàdàn fún bí ọdún méjì, ẹ lè gbàgbọ́ mi torí ọjà tèmi náà ni mò ń polówó yìí.

Ìkògòsì, ẹ gbé wọn lọ, mo fara mọ́ bọ̀dá yín. Mo gbé bàbá tèmi náà lọ kí wọ́n tó papò dà, alẹ́ méjì la sùn, wọ́n gun àtẹ̀gùn padà láì di ọwọ́ mi mú, ọjọ́ kẹta tá a délé, orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn kẹ́yìn, mi ò rántí. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ìsinmi, èèyàn máa ń pọ̀ jù. Kí wọ́n lo oògùn wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi. Kí wọ́n má pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ nínú omi lẹ́ẹ̀kan, torí oògùn BP àti ooru á jọ fa BP sílẹ̀, tí wọ́n bá dìde wuuru, òòyì á kọ́ wọn lórí òkúta tó ń yọ̀, egungun ìbàdí tó bá kán ní ẹni ọdún 67, ọ̀ràn ńlá ni. Kí wọ́n jókòó létí omi ná kí wọ́n tó dúró, kí ẹnì kan dì wọ́n mú lápá. Nítorí ṣúgà, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn, tí egbò kékeré bá wà níbẹ̀, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà wọnú omi torí ẹsẹ̀ tí ṣúgà ti pa lára kì í mọ̀ tí òkúta bá gé e. Kí wọ́n máa rìn nínú omi, síwá sẹ́yìn, kí wọ́n máa gbé orúnkún, kì í ṣe kí wọ́n kàn jókòó. Kí wọ́n má ri orí bọ omi rárá, kó má wọ imú wọn. Kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́ràn, imú ló ń gbà dé ọpọlọ, kò wọ́pọ̀ àmọ́ ẹni tó bá mú, ó ṣọ̀wọ́n kó yè é. Ní Bath ní Ìlú Ọba ọmọbìnrin kan kú nípa ẹ̀ ní 1978, wọ́n ti ibi ìwẹ̀ yẹn pa, 2006 ni wọ́n tó ṣí ilé ìwẹ̀ tuntun fún àwọn èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ kànga míì.

Tí wọ́n bá padà délé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà, èyí sì ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun lè máa fi fóònù tẹ̀ lé. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí wọ́n kà dé márùn-ún, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà mẹ́wàá ẹsẹ̀ kan, àárọ̀ àti alẹ́. Aṣọ ìnura tí wọ́n rì bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n fi wé orúnkún, àmọ́ ẹlòmíì ni kó fọwọ́ tọ́ omi náà wò, torí ṣúgà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi àdí pa á lẹ́yìn náà, kò burú. Tí wọ́n bá sanra, ìwádìí ti fi hàn pé kílò kan tí wọ́n bá jò, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n dáadáa irú oògùn ìrora tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ onípátẹ̀ oògùn, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá fún orúnkún ló ń gbé BP sókè tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ fún ẹni tó ní ṣúgà, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn mọ orúkọ ẹ̀. Tí orúnkún bá wú lójijì tó gbóná tí ibà sì wọlé, omi kọ́, físíò kọ́, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ ní kí bọ̀dá wọn BP màmá ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde nínú omi, àti lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá délé, kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kan. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé síwájú àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì.